Ibi Tí Bàbá Ti Máa Ń Dá Fíìmù Dúró

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́, kó lọ dúró ti tábìlì ìlọṣọ fún ọjọ́ kan péré, á wá sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti dúró tì í láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, nínú yàrá kan tó wà nísàlẹ̀ ilé ìtura ńlá kan, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù kì í ti í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òtútù ń gé àwọn ará ìta létí. Ìyá Gbọnrangandan ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbọnrangandan ló máa ń dúró. Láti etí kọ́là ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa lọ ọ́ bọ̀ sí àárín. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, tí aṣọ sì ká jọ, ẹnu ìyá á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde nílé ìtura.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ìsinmi ìgbà òtútù, ariwo sọ nínú yàrá náà. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ti aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sẹ́nu ẹ̀rọ ńlá ń sọ ohun tí wọ́n máa jẹ, ẹni tí wọ́n máa lọ kí, àti bí wọ́n ṣe máa sùn títí ọ̀sán á fi wá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn wo ìyá, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin nìkan lẹ fajú ro."

"Ẹ̀rín tèmi ń bọ̀," ni ìyá fèsì. "Ó ń wá bàtà ẹ̀ lọ́wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà yọ eyín díẹ̀ kí wọ́n má baà máa wò ó. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìsinmi yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Iṣẹ́ ń mú ẹsẹ̀ ro ni, èèyàn á sì fi omi gbígbóná pa á. Ibi tí ìsinmi fẹ́ mú ro lára rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí omi gbígbóná tó lè débẹ̀.

Ìsinmi àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ló kú. Àwọn èèyàn wá, wọ́n kí i, wọ́n bá a sunkún, wọ́n sì lọ. Ẹni tọ́rọ̀ ò bá tíì ṣe á rò pé ó tán nìyẹn. Ó tì o. Ìgbà tí wọ́n bá kíni tán tí ilé dá wáí ni ọ̀fọ̀ tó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ikú ọkọ nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń bọ̀ wálé. Ṣé ọmọ tó ń bọ̀ wálé wá yẹ kó ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù? Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí pé láti kékeré ló ti ń fi àga wa ọkọ̀ ojú irin nínú pálọ̀; bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní "Ọ̀rẹ́ mi". Nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ gúnlẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló wà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú irin gidi. Bàbá ní kí wọ́n má pè é. Ó ní bó bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì, wọn ò ní gbà á padà mọ́. "Ẹ ṣáà sọ fún un pé ara mi ti ń yá." Ìyá gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Bí ọmọ bá ti pè, á ní, "Bàbá ẹ ti dìde jókòó, ó ti mu tíì." Lọ́jọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀, bàbá ò lè gbé ife.

Ìyẹn ṣì ní àforíjì, nítorí aláìsàn ló pàṣẹ. Èyí tí kò ní àforíjì, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ yí ohùn padà, ó ní kí wọ́n pe ọmọ òun fún òun. Ìyá ní ó dáa, kò sì pè é. Ó rò pé àyè ṣì wà, ó rò pé òun ò gbọ́dọ̀ já ọmọ láyà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àyè ti tán. Nígbà tí ọmọ wá sin bàbá rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ṣé Bàbá béèrè mi?" Ìyá ní, "Rárá o. Oorun ló sùn lọ. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà kàn mi orí. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ò dán mọ́ láàárín wọn. Ó ń pe fóònù o, kò gbàgbé, ṣùgbọ́n "Ẹ kú iṣẹ́, mà, ó dàbọ̀, mà" ni gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni ń bá ọ̀gá báńkì sọ̀rọ̀. Ó ti di ìyá rẹ̀ sínú. Ìyá sì mọ̀ pé bí ìsinmi yìí bá fi lè parí báyìí, kò ní wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Á máa fi nǹkan ránṣẹ́ ni, á máa kí i lórí fóònù, àwọn èèyàn á sì máa sọ pé ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa bàbá náà, kẹ́ ẹ má baà rò pé ìbànújẹ́ ni gbogbo ayé wọn. Atúnṣe tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì fẹ́ràn fíìmù ju oúnjẹ lọ. Nígbà òtútù, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ imú síta, á fa kọ́tìnnì pa, á kó aya àti ọmọ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á máa wo fíìmù. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣe kan tí kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀. Bó bá ti rí i pé ẹnì kan fẹ́ kú nínú fíìmù, á fò dìde, á kígbe pé, "Ẹ dúró ná!" á sì tẹ rìmóòtù. Tẹlifíṣọ̀n á dákẹ́. Á wá dúró síwájú rẹ̀, á fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìtàn. Lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kú. Ẹni tó já sódò á wẹ̀ jáde, ẹni tí ọta bà, bẹ́líìtì ló bà.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni fíìmù ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ iná gíga etí òkun, iná tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń wò kí wọ́n má baà kọ lu àpáta. Ìjì dé, ọkọ̀ kan fẹ́ rì, ọkùnrin náà sáré lọ tú okùn ọkọ̀ kékeré rẹ̀. "Ẹ dúró ná!" Ibẹ̀ ni bàbá ti máa ń dá a dúró lọ́dọọdún. Ó ní ọkùnrin náà kó gbogbo wọn dé èbúté, ara rẹ̀ tutù rinrin, ó ń sín, ó ń kùn pé wọn ò bá òun gbé omi kaná. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan yá a ní ṣòkòtò. Ṣòkòtò náà tóbi jù ú lọ, ìfẹ́ sì tibẹ̀ wọlé. Lọ́dún kan ó fi ewúrẹ́ kún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewúrẹ́ já sókun, wọ́n tún lọ gbé e. Tíṣà, ọmọbìnrin wọn àgbà, gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn kíkankíkan pé ọkùnrin oníná fẹ́ obìnrin oníbúrẹ́dì. "Oníbúrẹ́dì wo?" ni wọ́n ń bi í. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi jáde níbẹ̀.

Ìyá mọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín Tíṣà àti Dírẹ́bà, wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà tí ikú mú un lọ, nígbà òtútù báyìí. Ìgbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé ni ọkọ rẹ̀ sọ pé ikú ò gbọ́dọ̀ tún wọ pálọ̀ òun mọ́, kódà kó gba inú tẹlifíṣọ̀n wá. Ìyá gbìyànjú láti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Jẹ́ káwọn ọmọ yìí wo nǹkan parí." Ọkọ ò gbà. Nígbà tó yá, kò rí okun bá a jiyàn mọ́.

Dírẹ́bà dé lóòótọ́. Báàgì tó gbé wá kéré débi pé nígbà tí ìyá rí i, ó ti mọ̀ pé kò ní pẹ́. "Ẹ kú ilé, mà." "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà ńkọ́?" "Ọ̀nà dára, mà." Ó tán. Tíṣà náà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn ìyẹn ló jẹ́ kí ilé gbọ́ ohùn èèyàn.

Dírẹ́bà ò jókòó. Ó tún ẹ̀rọ omi ṣe ní kíṣìnnì, ó pààrọ̀ gílóòbù, ó kan ẹsẹ̀ tábìlì. Ó fi òróró sí ilẹ̀kùn tí kò tiẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Dírẹ́bà, jókòó jàre. Ilé yìí ò ní wó lónìí." Ó ní òun ń bọ̀. Ìyá ń wò ó láti orí àga, ara rẹ̀ wúwo. Ọ̀rọ̀ wà lọ́fun rẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀, ó fi í di ọ̀sán. Ọ̀sán dé, ó ní kí ọmọ jẹun ná. Kí ni kò kúkú ní sún síwájú? Ìrọ̀lẹ́ dé, ó wọlé lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe jẹun ọ̀sán tán, Dírẹ́bà nu ọwọ́, ó ní, "Mo máa padà láàárọ̀ ọ̀la, mà. Wọ́n nílò èèyàn níbi iṣẹ́."

Irọ́ ni. Ìyá mọ̀ pé irọ́ ni, ìsinmi ò tíì dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ta ló máa la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa irọ́, òun? Ó ní, "Ó dáa." Ó sì tún ń palẹ̀ abọ́ mọ́ lọ.

Ọ̀sán yẹn ni Oníbéèrè fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó sì yọ fíìmù oníná etí òkun jáde. "Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ ká wo èyí!" Ìyá fẹ́ sọ pé rárá. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó jiyàn lọ. Wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n jókòó, àfi Dírẹ́bà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń kọjá lọ.

Fíìmù ń lọ. Ìjì dé, ọkọ̀ ńlá ń rì, ọkùnrin náà sáré lọ síbi ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ó dọwọ́ lé okùn. Tíṣà tẹ rìmóòtù. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Àwòrán dúró sójú kan, gbogbo wọn sì ń retí ohùn tí kò lè wá mọ́.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ni Oníbéèrè bi wọ́n.

Tíṣà tún ọ̀fun ṣe. "Ó... ó kó wọn dé èbúté. Òtútù mú un, ó ń sín. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan wá..."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò tíì wò ó!"

"Àǹtí," ni Dírẹ́bà sọ láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Ọwọ́ mi ò gbé e."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ jọ̀ọ́! Ó ti sú mi. Nílé yìí, ẹnikẹ́ni kì í kú, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá pè wá pé ká wá sin ín."

Ọ̀rọ̀ náà ba ìyá níbi tó ń dùn ún. Tíṣà yíjú sí i bóyá á sọ nǹkan. Ìyá gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n wò ó parí. Ilẹ̀ mọ́ nínú fíìmù náà, òkun rọlẹ̀, àwọn tí wọ́n yọ nínú ewu jókòó sórí iyanrìn, ọkọ̀ kékeré léfòó wá láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tún ń ṣú, ọmọbìnrin ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó tan iná, torí pé àwọn ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Kò sí oníbúrẹ́dì, kò sí ewúrẹ́. Tíṣà fi etí bùláńkẹ́ẹ̀tì bojú, ó ń sunkún jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó kú ni?" ni Oníbéèrè béèrè.

"Ó kú, ọmọ mi," ni ìyá dá a lóhùn.

"Àwọn tó kó jáde ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. "Ó ṣe é dáadáa nígbà yẹn. Ebi ń pa mí." Tíṣà rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó fà á lọ́wọ́, àwọn méjèèjì gba kíṣìnnì lọ.

Ó wá ku ìyá àti ọmọ. Ìyá ní, "Jókòó."

"Ìdúró yìí tẹ́ mi lọ́rùn, mà."

"Jókòó. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè máa gbójú sókè bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó jókòó sétí àga. Ìyá ò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Bó ṣe máa ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ ló ṣe sọ ọ́, láti etí bọ̀ sí àárín. "Bàbá ẹ ò sùn lọ. Mo parọ́ fún ẹ. Ojú ẹ̀ là kedere láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, 'Ọ̀rẹ́ mi dà?' Mo ní o wà níbi ẹ̀kọ́. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ kí n pè ẹ́, òun fẹ́ rí ẹ. Mo ní ó dáa. Mi ò pè ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la. Ó tún yíjú, ó ní, 'Ṣé ọ̀rẹ́ mi ti wọkọ̀?' Mo ní o ti wọkọ̀."

"Ẹ ní mo ti wọkọ̀?"

"Mo ní o ti ń bọ̀. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní ọkọ̀ ojú irin yẹn máa ń pẹ́ lọ́nà, pé òun á dúró dè ẹ́. Ó ní kí n yí ìrọ̀rí òun kóun lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò títí tó fi lọ."

Ohùn Dírẹ́bà ò jọ ti àgbàlagbà mọ́. "Ó béèrè mi, Mọ́mì?"

"Ó béèrè ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè ẹ."

"Mo rò pé kò rántí mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń sọ pé bóyá ó bínú, pé mi ò wá wò ó. Mo máa ń wa ọkọ̀, mo máa ń rò ó. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì ń gbọ́ ohùn mi lórí fóònù!"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi?"

Ìyá lè sọ pé ẹ̀rù ló ba òun, pé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ìyàwó atúnṣe tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ ìṣe ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó tó nínú wọn. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, ọmọ mi. Mo jẹ̀bi ẹ. Mo jẹ̀bi òun náà."

Ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà, torí kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Dírẹ́bà dìde, ó nu ojú, ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá ní sínú pé ó parí. Ó ti sọ òótọ́, òótọ́ ti lé ọmọ lọ; síbẹ̀ kò fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà dé mọ́.

Ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Inú ń bí mi sí yín, Mọ́mì. Inú ń bí mi gan-an. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí mo bá jókòó síbí."

"Sọ ọ́. Má tíì dárí jì mí, mi ò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nílé níbí ni kó o ti bínú. Má gbé e lọ dá nìkan jẹ níbòmíì."

Ó yíjú padà.

"Ó máa pẹ́ o."

"Kó pẹ́," ni ìyá wí.

Ọmọkùnrin náà jókòó.